Bóòtì "13" wọ ihò, ó yí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó há: kí ni M8×1.25 àti 5/16-18 ń wí gan-an?

ỌmọGáráàjì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Píkọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà kan ló wà nílẹ̀, ti nǹkan bí ọdún 1985, tí wọ́n ti gbé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ẹ́síì Japan sí lára. Àwọn bóòtì tí a tú ti dàpọ̀ mọ́ra nínú abọ́ kan. Ojú ò lè dá wọn mọ̀. Sísanra wọn dọ́gba, gígùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àfi pé sípánà 12 ló ń mú àwọn kan, tí 13 ń mú àwọn yòókù. Mo fi ọwọ́ yí ọ̀kan nínú àwọn ti 13 sínú ihò ara kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Ó wọlé wẹ́rẹ́, ó yí tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó bá há gbagidi. Mi ò tíì fi sípánà kàn án.

Ìbéèrè mi rèé. Lára páálí bóòtì tuntun, ọ̀kan kọ M8×1.25×30, èkejì kọ 5/16-18×1-1/4. Kí ni nọ́ńbà wọ̀nyí ń sọ? Ṣé mo lè fi táàpù (irin tí a fi ń gé eyín sínú ihò) 5/16-18 la ihò yẹn kí ó gba bóòtì tó wà lọ́wọ́? Ẹ̀kẹta, nọ́ọ̀tì táyà 1/2-20 wà nílẹ̀, ó sì wọ sítọ́ọ̀dù (ọ̀pá eléyín tí nọ́ọ̀tì táyà ń wọ̀) M12×1.25 fẹ́ẹ́ láìha rárá. Ṣé kò léwu?

IrinKìíParọ́

Sípánà tí ẹ ò fi kàn án yẹn ló gba kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ là.

Ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kan. 12, 13, 14 tí gbogbo wa ń pè, orúkọ sípánà ni, kì í ṣe orúkọ bóòtì. Orí ni sípánà ń wò, tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn eyín ara bóòtì, ni ihò ń wò.

M8×1.25×30: M ni pé mìlímítà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. 8 ni sísanra ara bóòtì, láti ṣóńṣó eyín ní ẹ̀gbẹ́ kan dé ṣóńṣó eyín ní ẹ̀gbẹ́ kejì. 1.25 ni àlàfo láti ṣóńṣó eyín kan dé ṣóńṣó èyí tó tẹ̀ lé e, ìyẹn náà sì ni bóòtì fi ń rìn wọlé bí ẹ bá yí i po lẹ́ẹ̀kan. 30 ni gígùn láti abẹ́ orí dé ìdí. A kì í ka orí mọ́ ọn, àfi bóòtì tí orí rẹ̀ ń rì wọnú irin pátápátá.

Tí ẹ bá rí M8 lásán, tí wọn ò kọ àlàfo sí i, èyí tí eyín rẹ̀ tóbi ni wọ́n ń sọ: M6×1.0, M8×1.25, M10×1.5, M12×1.75, M14×2.0. Àwọn tí eyín wọn kéré tí ẹ ó máa bá pàdé lára ọkọ̀ ni M8×1.0, M10×1.25, M12×1.25, M12×1.5 àti M14×1.5. Ọkọ̀ Japan fẹ́ràn M10×1.25 àti M12×1.25 gidi gan-an. Ibẹ̀ ni ihò púpọ̀ ti ń bàjẹ́, torí M10×1.5 ló máa ń pọ̀ nínú abọ́ ẹni tó fẹ́ dí i.

5/16-18×1-1/4: 5/16 íńṣì ni sísanra, 1-1/4 íńṣì ni gígùn. Ṣùgbọ́n 18 yẹn kì í ṣe àlàfo o. Iye eyín tó wà nínú íńṣì kan ni. Nítorí náà, nǹkan yí padà: lọ́dọ̀ ti mìlímítà, bí nọ́ńbà ṣe ń tóbi ni eyín ń tóbi, lọ́dọ̀ ti Amẹ́ríkà, bí nọ́ńbà ṣe ń tóbi ni eyín ń kéré. Méjì ni wọ́n, UNC fún eyín ńlá, UNF fún eyín kéékèèké. 1/4-20 àti 1/4-28, 5/16-18 àti 5/16-24, 3/8-16 àti 3/8-24, 7/16-14 àti 7/16-20, 1/2-13 àti 1/2-20. Tó bá ti kéré ju 1/4 lọ, nọ́ńbà lásán ni wọ́n ń pè é. Ẹ má rí 10-32 kí ẹ rò pé 10 mm ni, sísanra rẹ̀ ò ju 4.8 mm lọ.

Kí iye eyín lè di àlàfo, ẹ fi iye eyín pín 25.4. 25.4 ÷ 18 jẹ́ 1.41 mm. Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ 1.25. Ní yíyípo kan, wọ́n ti fi 0.16 mm yà síra. Nígbà tó máa fi yí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mìlímítà, eyín bóòtì ti gun orí eyín ihò. Ohun tó há mọ́ yín lọ́wọ́ nìyẹn. Igun eyín àwọn méjèèjì jẹ́ 60°, bákan náà ni wọ́n rí lójú, ìyẹn ló fi ń tan ènìyàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn nǹkan mẹ́ta fún wa: fífẹ̀ orí, sísanra tírẹ́ẹ̀dì, àti gígùn àlàfo mẹ́wàá. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ eyín rẹ̀, torí ìdọ̀tí ilẹ̀ eyín máa ń ti ẹnu kálípà (irinṣẹ́ tí a fi ń wọn sísanra) kúrò lórí ìlà. Fún àlàfo mẹ́wàá, ẹ pe ṣóńṣó àkọ́kọ́ ní òdo, kì í ṣe ení. Láti òdo dé ẹ̀wá. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ení, àlàfo mẹ́sàn-án ló wọ̀n, á sì máa jà pé nọ́ńbà òun ò sí nínú ìwé kankan.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì

Àbúrò, ìdáhùn òkè yẹn pé. Jẹ́ kí n fi ti orí kún un, torí ohun tí o máa kọ́kọ́ rí nìyẹn.

Bóòtì M8 kan náà, orí rẹ̀ lè jẹ́ 13 lára ọkọ̀ Jámánì, kó jẹ́ 12 lára ti Japan, kó tún jẹ́ 10 níbi tí wọn ò bá ti fẹ́ kí sípánà ńlá dé. M10 ń mú 17 lára ọkọ̀ Yúróòpù àtijọ́, 16 lára tuntun, 14 lára ti Japan, o sì máa rí 15 lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ti bọ́ sí mìlímítà. M12: 19, 18, tàbí 17. M6 nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ 10 níbi gbogbo. Ti Amẹ́ríkà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: 1/4 ń mú 7/16, 5/16 ń mú 1/2, 3/8 ń mú 9/16, 7/16 ń mú 5/8, 1/2 ń mú 3/4.

Wò ó dáadáa: 1/2 íńṣì jẹ́ 12.7 mm. Sípánà 13 á mú un, á kàn mì díẹ̀. Nítorí náà, tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé bóòtì "13" wọ ihò "12" tó sì há lójijì, mi ò ní rò pé mìlímítà méjì ló ń jà. 5/16 ni màá kọ́kọ́ fura sí.

Àwọn tó ń ṣi ara wọn mú: 19 àti 3/4 (19.05) dà bí ọ̀kan náà, kò sí wàhálà. 8 àti 5/16 (7.94) bẹ́ẹ̀ náà. 5/8 (15.9) gba 16. Ṣùgbọ́n 9/16 jẹ́ 14.3: sípánà 14 kì í sábà wọ̀ ọ́, tí o bá sì fi 9/16 tú bóòtì 14 tó ti dípẹtà, etí rẹ̀ lo máa bó. 7/16 (11.1) àti 11 náà rèé. Lára bóòtì tó le koko, sípánà tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an ni kó o fi kàn án, kò sí "ó fẹ́rẹ̀ẹ́".

Ohun kejì wà lórí bóòtì náà: àmì agbára. Ti mìlímítà, nọ́ńbà ni: 8.8, 10.9, 12.9. Nọ́ńbà iwájú, ọgọ́rùn-ún lọ́nà iye yẹn ni MPa (ìwọ̀n agbára ìfà) tó lè fà kó tó já; tẹ̀yìn ni ìdá nínú mẹ́wàá tó lè fà kó tó nà tí kò ní padà mọ́. 8.8 á já ní 800, á bẹ̀rẹ̀ sí nà ní 640. Ti Amẹ́ríkà, ìlà kéékèèké ni wọ́n ń fà sórí: tí kò bá sí ìlà, Grade 2 ló sábà máa ń jẹ́, mẹ́ta, Grade 5, mẹ́fà, Grade 8. Iye ìlà tó o rí, fi méjì kún un. Grade 5 sún mọ́ 8.8, Grade 8 sún mọ́ 10.9. Torí náà, tó o bá rí 8.8 lórí bóòtì, mìlímítà ni, má wulẹ̀ wá kálípà. Tó o bá rí ìlà mẹ́ta, ti Amẹ́ríkà ni. Àbúrò, ṣé o ti wo orí wọn?

ỌmọGáráàjì

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Mo wò ó. Àwọn ti 13: ìlà mẹ́ta lórí. Àwọn ti 12: 8.8 wà lórí méjì, ìyókù ti parẹ́.

Èyí tó há: orí 12.6, tírẹ́ẹ̀dì 7.85, àlàfo mẹ́wàá 14.1. Ọ̀kan nínú àwọn ti 12: orí 11.9, tírẹ́ẹ̀dì 7.87, àlàfo mẹ́wàá 12.5. Sísanra ṣì ń dà mí láàmú. Báwo ni 5/16 àti M8 ṣe wá dọ́gba báyìí?

IrinKìíParọ́

Wọ́n dọ́gba torí wọ́n sún mọ́ ara wọn láti ilé: 5/16 jẹ́ 7.94. Kò sì sí bóòtì tí wọ́n ń ṣe kó pé 8 gẹ́lẹ́, wọ́n máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀ kó lè wọlé. M8×1.25 tí kò lábùkù lè kà 7.76 sí 7.97. 5/16-18 lè kà 7.69 sí 7.91. Tí kálípà bá sọ 7.85, ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Sísanra ò lè jẹ́rìí sí àwọn méjì yìí láéláé, àlàfo ló lè jẹ́rìí. 14.1 ni 5/16-18, 12.5 ni M8×1.25. Ó parí.

Tí kò bá sí kálípà nítòsí: ẹ mú bóòtì tí ẹ mọ̀ dájú, ẹ fi eyín rẹ̀ lé eyín èyí tí ẹ ò mọ̀, ẹ gbé wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀kan náà ni wọ́n, eyín á rì sínú eyín láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ò ní gba àárín wọn kọjá. Tí kì í bá ṣe ọ̀kan náà, ẹ ó rí i tí wọ́n ń gun ara wọn lápá kan. Táàpù tó mọ́ náà ṣeé lò bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi bóòtì tó ti nà ṣe é o. Tí ọrùn rẹ̀ bá ti tín-ín-rín níbì kan, àlàfo rẹ̀ ti yà, irọ́ ló máa pa fún yín.

Atúnkọ̀ṣe

Ẹ̀yin ọ̀gá, mo gbà pẹ̀lú yín lórí wíwọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ sanra bákan náà. Kó fi táàpù 5/16-18 gba ibẹ̀ kọjá, bóòtì á wọlé, iṣẹ́ á parí.

IrinKìíParọ́

Bóòtì á wọlé lóòótọ́. Ohun tó máa dì mú nínú ihò náà ló ṣẹ́kù. Táàpù 1.41 máa gé ọ̀nà tirẹ̀ gba orí eyín 1.25 tó ti wà níbẹ̀. Níbi kan á bọ́ sórí ojú ọ̀nà àtijọ́, níbi tó tẹ̀ lé e á gé eyín náà láàrin. Ohun tó máa kù ni eyín ahẹrẹpẹ níbí, eyín odindi lọ́hùn-ún, nínú alumíníọ̀mù, lára nǹkan tí bẹ́líìtì ń gbọ̀n látàárọ̀. Tí ẹ bá fún un dé ibi tó yẹ, gbogbo rẹ̀ lè tú jáde bíi sípíríǹgì.

Ìyàtọ̀ wà tó bá jẹ́ pé ihò náà ti bàjẹ́ pátápátá. Nígbà náà, ẹ gbé e sókè dé ibi tí eyín àtijọ́ ò ní sí mọ́. Fún dírílì tí ẹ fi máa ṣáájú táàpù ti mìlímítà, ẹ yọ àlàfo kúrò nínú sísanra: M6×1.0 ń gba 5.0, M8×1.25 ń gba 6.8, M10×1.5 ń gba 8.5, M12×1.75 ń gba 10.2. Nítorí náà, ihò M8 tó ti lọ, ẹ fi 8.5 lu ú, ẹ la M10×1.5. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí irin tó yí ihò náà ká ṣe nípọn tó. Tí kò bá ju 3 mm lọ, á là.

Wáyà tí wọ́n ń wé sínú ihò ló dára jù fún alumíníọ̀mù, torí ihò náà á ṣì máa gba M8×1.25 tirẹ̀. Fún M8, dírílì rẹ̀ máa ń jẹ́ nǹkan bí 8.3, ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ lé èyí tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Táàpù rẹ̀ yàtọ̀ sí táàpù M8 lásán, kò sì ní wúlò fún nǹkan mìíràn. Ẹ fi kẹrosíìnì sí i, ẹ yí ìdajì síwájú, ìdámẹ́rin padà sẹ́yìn kí èérún irin lè já. Ẹ wé wáyà náà wọlé títí orí rẹ̀ fi rì sí ìsàlẹ̀ ojú irin ní ìdámẹ́rin sí ìdajì yíyípo. Tó bá yọrí sókè, bóòtì á máa tì í. Ẹ wá ṣẹ́ etí kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú ihò. Ẹni tó bá gbàgbé èyí á rò pé ihò náà ti dí.

Ti ỌmọGáráàjì, yíyí ọwọ́ mẹ́ta kì í sábà ba nǹkan jẹ́. Ẹ fi M8×1.25 tó mọ́ yí i. Ẹ kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn jẹ́jẹ́ títí ẹ ó fi gbọ́ tó bọ́ "kọ̀" sí ẹnu ọ̀nà eyín, lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí i síwájú. Ó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ nìkan rìn dé ìdí tàbí kó kù díẹ̀. Nínú alumíníọ̀mù, eyín tó wọlé gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po kan àtààbọ̀ sísanra: fún M8, 12 mm. Ẹ má sì fi bóòtì tó gùn jù sí ihò tí ìdí rẹ̀ dí. Ìdí bóòtì á kan ìdí ihò, sípánà tọ́ọ̀kì (èyí tó ń wọn agbára tí a fi ń yí bóòtì) á sọ pé ó ti tó, nígbà tí ohun tí ẹ fẹ́ dè ṣì ń mì. Tí ọ́ìlì bá wà nísàlẹ̀ irú ihò bẹ́ẹ̀, bóòtì á tẹ̀ ẹ́ bí písítìnnì, irin á là. Ẹ fẹ́ ihò náà jáde kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Tí ìwé ọkọ̀ náà ò bá sí lọ́wọ́, 8.8 gbígbẹ máa ń gba tọ́ọ̀kì nǹkan bí 10 Nm fún M6, 25 fún M8, 49 fún M10 nínú irin líle. Nínú alumíníọ̀mù, ẹ dín in kù. Tí ẹ bá fi gíríìsì sí eyín rẹ̀, ẹ tún dín in kù sí i, torí tọ́ọ̀kì kan náà á fa bóòtì náà gan-an ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyá Sípánà

Gbogbo yín ti gbàgbé ìbéèrè kẹta, òun ló sì lè pa ènìyàn.

Ọ̀gá, ẹ tú nọ́ọ̀tì 1/2-20 yẹn kúrò lórí sítọ́ọ̀dù M12×1.25 báyìí báyìí. Òun kì í há bíi ti 5/16, ìdí nìyẹn tó fi burú ju ti 5/16 lọ. 25.4 ÷ 20 jẹ́ 1.27. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí 1.25 kò ju 0.02 mm lọ ní yíyípo kan, ọwọ́ ò lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n 1/2 sanra tó 12.7, sítọ́ọ̀dù kò sì pé 12. Inú nọ́ọ̀tì náà fẹ̀ jù: ṣóńṣó eyín méjèèjì ń kan ara wọn ní 0.08 sí 0.32 mm péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nígbà tí nọ́ọ̀tì tó tọ́ máa mú un tó 0.42 sí 0.66. Ó lè gba ìdè, kí ó dà bí ẹni pé ó le, kó wá bó lójú ọ̀nà nígbà tí táyà bá gbóná.

Ẹ dì í mú kí ẹ tó fún un, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Nọ́ọ̀tì tó tọ́ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. Èyí tí kò tọ́ á máa ṣe "kẹ̀kẹ̀kẹ̀" lórí sítọ́ọ̀dù.

Ohun tí ẹ ó máa bá lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀: Toyota, Honda àti Mazda, M12×1.5. Nissan àti Subaru, M12×1.25. Ford àtijọ́, 1/2-20. Píkọ́ọ̀pù ńlá tuntun, M14×1.5. Volkswagen, bóòtì M14×1.5 dípò nọ́ọ̀tì. Ẹ tún ka yíyípo: ẹ fi àlàfo pín sísanra, iye yẹn ló yẹ kí nọ́ọ̀tì yí ká tó jókòó. M12×1.5, mẹ́jọ. 1/2-20, mẹ́wàá. Ẹnu nọ́ọ̀tì náà gbọ́dọ̀ bá ihò rímù mu: olórí ṣóńṣó, olórí róbótó bíi bọ́ọ̀lù, tàbí pẹrẹsẹ oníwáṣà. Tí wọn ò bá bára mu, tírẹ́ẹ̀dì tó tọ́ ò ràn yín lọ́wọ́.

Irú ìbejì burúkú yìí wà lára páìpù bíréèkì náà. 3/8-24 (9.53 mm, àlàfo 1.06) àti M10×1.0. Páìpù 3/16 kan náà ni wọ́n jọ ń lò. 3/8-24 lè wọ ihò M10×1.0, kó sì há níbi tó yẹ kó há. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì lójijì ló máa mọ̀ pé kò dì í mú. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bóòtì tí a fi ń yọ afẹ́fẹ́ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

ỌmọGáráàjì

Mo ti tú u, ẹ ṣé gan-an ni, mọ̀mí. Ọ̀kan tó kù: tó bá jẹ́ ọkọ̀ Japan tàbí Jámánì ni, ṣé kí n kàn gbà pé gbogbo rẹ̀ mìlímítà ni?

Bàbá Ẹ́ńjìnnì

Rárá, àbúrò. Bóòtì bẹ́líìtì ìjókòó, 7/16-20 ni, kódà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan àti Yúróòpù. Má fi M12 tì í. Ojú ibi tí fílítà ọ́ìlì ń dé, púpọ̀ nínú Toyota jẹ́ 3/4-16, nígbà tí púpọ̀ nínú Honda àti Nissan jẹ́ M20×1.5, rọ́bà àwọn fílítà wọ̀nyí lè jọra pátápátá. Púlọ́ọ̀gì ní tirẹ̀ jẹ́ mìlímítà níbi gbogbo: M14×1.25, M12×1.25 tàbí M10×1.0.

Sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì ni kó o ṣọ́ra fún. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 1/8-27, igun eyín 60°. Ti Japan sábà máa ń jẹ́ 1/8-28, igun 55°. Àwọn méjèèjì tín-ín-rín lọ sí ìdí, nítorí náà wọ́n ní láti há, o ò lè fi híhá mọ̀ wọ́n. Wọn àlàfo márùn-ún: 4.7 ni ti 27, 4.5 ni ti 28. Tó bá ń jò, má wé téèpù funfun mọ́ ọn láti bò ó: oníwáyà kan nínú wọn, eyín yẹn gan-an ló fi ń gba ìlẹ̀ iná lára ẹ́ńjìnnì. Téèpù lè dí i, géèjì á sì máa sọ nǹkan tí kò rí bẹ́ẹ̀.